Bí a ṣe ń yan táyà tó bá ayé Jaguar Mk 2 mu

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà tó jáde ní Coventry. Láàárín 1959 sí 1967 tí wọ́n fi ṣe Mk 2, crossply 6.40-15 ni táyà rẹ̀ (crossply ni táyà tí okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn), irú Dunlop RS5. 6.40 ni ìbú rẹ̀ ní ínṣì, rìímù 15 ló sì ń wọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ síbi àfihàn, kó wá èyí. Ẹni tó fẹ́ máa wà á lójú títì, radial, ìyẹn táyà tí okùn inú rẹ̀ lọ tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ló dára jù fún un: ó ń di ọ̀nà mú dáadáa ní kọ́nà, àgàgà nínú òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sítíárìn á le díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń páàkì.

185R15 ni kí ẹ béèrè: 185 ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà, R dúró fún radial. Bí kò ṣe sí nọ́ńbà kankan láàárín 185 àti R, ẹ̀gbẹ́ táyà náà ga tó nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìbú rẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra 185/65R15 torí pé ó wà káàkiri, tó sì ń wọ rìímù náà. Àmọ́ gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 622, nígbà tí ti 185R15 sún mọ́ 677. Ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, àlàfo gbàgàdà á yọ lókè táyà, ẹ́ńjìnnì á máa ké ju bó ṣe yẹ lọ, gééjì eré á sì máa parọ́: tó bá ka 100, nǹkan bí 92 lẹ ń sá.

Ẹ ka lẹ́tà eré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó ń sọ eré tó pọ̀ jù tí táyà náà lè gbà. S gba kìlómítà 180 ní wákàtí, H gba 210, V gba 240. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.8 ń sá tó 200, nítorí náà S kò tó o. Ẹ ka ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú: 2319 ní ìparí nọ́ńbà DOT tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í rìn púpọ̀, rọ́bà lè ti gan nígbà tí ojú táyà ṣì jin.

Rìímù onísípókù gbọ́dọ̀ ní túùbù, torí afẹ́fẹ́ á gba ihò sípókù jáde. Kí fọkanáísà fi rọ́bà bo orí àwọn sípókù, kó sì ṣí gbogbo sítíkà inú táyà kúrò, torí wọ́n máa ń ha túùbù títí yóò fi jò.

Márààrún ni kí ẹ rà, pẹ̀lú sípíà, kí gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà. Òfin Britain kò gba kí crossply àti radial jọ wà níwájú tàbí kí wọ́n jọ wà lẹ́yìn. Radial níwájú, crossply lẹ́yìn náà kò bófin mu: ẹ̀yìn ọkọ̀ á yọ̀ ṣáájú iwájú, ọkọ̀ á sì pòyì ní kọ́nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá de táyà tán, ẹ tún àláímẹ́ǹtì ṣe, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ta radial náà, torí ti crossply ló wà nínú ìwé ọkọ̀, ó sì sábà máa ń kéré fún radial.