Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ monogram lọ sóde àríyá láti kọ orúkọ sára aṣọ lójú ẹsẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má gba orúkọ lẹ́nu oníbàárà. Ẹ fún un ní bébà àti bírò, kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, tàmì tàmì. Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára Ayọ̀, ó ti di ayò tí à ń ta nìyẹn. Mo ti tú orúkọ lára aṣọ ìkókó rí nítorí àmì kan ṣoṣo, ojú abẹ́rẹ́ kò sì parẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Àmì ìsàlẹ̀ yìí ló sì máa ń ṣòro jù. Bí lẹ́tà bá ti kéré jù, ńṣe ló máa rì sínú aṣọ tàbí kó lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù irú aṣọ kan náà. Tó bá jẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó ń yọ́ nínú omi lé e lórí. Ti T-shirt, stay (ohun tí à ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ kó lè dúró dáadáa) tí à ń fi sísọ́ọ̀sì gé ni kí ẹ lò, torí aṣọ náà ń fà; èyí tí à ń fọwọ́ ya kò lè dì í mú. Aṣọ òkè ńkọ́? Ẹ má fún un jù mọ́ férémù tó ń di aṣọ mú lórí ẹ̀rọ, àpá rẹ̀ kì í tètè lọ.

Bébà yẹn, ẹ má jù ú nù títí oníbàárà á fi gba aṣọ rẹ̀.