Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Anna Karenina Dé Òpin Kí Ó Sì Yé Yín

Ọ̀pọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ Anna Karenina, ìwé ìtàn àròsọ tí Leo Tolstoy ará Rọ́ṣíà kọ, tí wọ́n sì pa á tì kí wọ́n tó dé ìdajì. Gígùn ìwé náà nìkan kọ́ ló ń lé wọn sá. Orúkọ inú rẹ̀ ń dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé ìtàn obìnrin tó fi ọkọ sílẹ̀ tọ ọkùnrin mìíràn lọ nìkan ni àwọn fẹ́ kà.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú orúkọ. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ìdílé Oblonsky, Karenin (orúkọ ọkọ Anna) àti Shcherbatsky (ilé bàbá Dolly àti Kitty) sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi Levin, onílẹ̀ tó ń dáko, àti Vronsky, ọkùnrin tí Anna tọ̀ lọ, sí ẹ̀gbẹ́. Orúkọ bàbá ni àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń ṣe orúkọ kejì: Anna Arkadyevna ni Anna ọmọ Arkady, òun àti Stepan Arkadyevich, tí wọ́n ń pè ní Stiva, sì jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Dolly ni ìyàwó Stiva, Kitty sì ni àbúrò Dolly. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fẹ́ fi kà á, ìtumọ̀ Constance Garnett ti ọdún 1901 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Pevear àti Volokhonsky sì jáde ní ọdún 2000. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má sì yí i padà láàárín ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wo Stiva. Òun ni ìwé náà fi ṣí: ó ti bá obìnrin Faransé tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe panṣágà, ilé sì ti dàrú, Anna fúnra rẹ̀ ló sì wọkọ̀ ojú irin láti Petersburg wá sí Moscow láti bẹ Dolly kí ó dárí ji ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa sàmì sí gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa Stiva tàbí nípa Anna, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn. Kò sí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ Stiva. Àwọn obìnrin ọlọ́lá tí àwọn náà ní àlè ní ìkọ̀kọ̀ kò jẹ́ jókòó ti Anna, nítorí pé ó kọ̀ láti fi ìfẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ẹ ka àṣálẹ́ tó lọ sí ilé eré opera ní apá 5 lẹ́ẹ̀mejì: obìnrin kan tó jókòó nítòsí rẹ̀ dójú tì í ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni Vronsky, tí wọ́n jọ dẹ́ṣẹ̀, ń wọlé ń jáde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ọkàn ìwé náà wà.

Ẹ tún rántí òfin ìgbà náà. Lábẹ́ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Rọ́ṣíà, ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi panṣágà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìyàwó gbé tàbí láti tún ọkọ fẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Karenin gbà láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tí Anna kò gbà, àti nígbà tí Anna wá ń fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ náà tí Karenin kọ̀, ọ̀rọ̀ náà ju ìjà tọkọtaya lọ, nítorí Seryozha ọmọkùnrin rẹ̀ wà láàárín.

Ní ti àyànmọ́, ó máa ń yá àwa Yorùbá lára láti sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, kí a sì pa ìwé dé. Ẹ ṣe sùúrù. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin pa ẹ̀ṣọ́ kan ní ọjọ́ tí Anna kọ́kọ́ bá Vronsky pàdé, Anna sì pe ikú náà ní àmì burúkú. Àwọn méjèèjì sì lá àlá tó jọra nípa tálákà kan tó ń dẹ́rù bani. Ẹ kọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sí apá òsì ìwé yín, kí ẹ sì kọ ohun tí Anna fi ẹnu ara rẹ̀ yàn sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn eré ìje ẹṣin ní apá 2, kò sí ẹni tó fi ipá mú un kí ó tó jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìtàn Levin. Ọ̀rọ̀ oko rẹ̀ lè gùn lójú yín, ṣùgbọ́n ọdún 1861 ni wọ́n dá àwọn ẹrú ilẹ̀, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tí òfin so mọ́ ilẹ̀ àwọn onílẹ̀, sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, òun náà sì ń wá bí yóò ṣe gbé ìgbé ayé tó wù ú láàárín ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń retí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun àti Anna pàdé, ní apá 7.

Ìparí apá 7 ni Anna kú sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń dúró. Katkov, olóòtú ìwé ìròyìn tó ń tẹ ìtàn náà jáde láti ọdún 1875, kọ̀ láti tẹ apá 8 nítorí ohun tí Tolstoy sọ níbẹ̀ nípa àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti lọ jà fún Serbia lójú ogun, Tolstoy sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní 1877. Ẹ kà á. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ bí ìyá Vronsky ṣe ń bú òkú Anna, ibẹ̀ náà ni ẹ ó sì ti mọ̀ pé Karenin, ọkọ tí wọ́n dà, ni ó gba ọmọbìnrin tí Anna bí fún Vronsky sọ́dọ̀.