Bí Mo Ṣe Gbé Kíbọ́ọ̀dù Dvorak Lé Ìwọ̀n

Oníbàárà mi kan ló ní kíbọ́ọ̀dù QWERTY tí gbogbo wa ń lò kò dára, àfi Dvorak, tí wọ́n to lẹ́tà rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹni tó jókòó tì í ní ìranù ni. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi tẹ Yorùbá rí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń bá àwọn òǹkọ̀wé tẹ ìwé Yorùbá, ni mo bá pinnu láti dán an wò fúnra mi.

August Dvorak, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Seattle, ló gba ẹ̀tọ́ lórí ètò lẹ́tà yìí ní 1936. Àyẹ̀wò àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní 1944 yìn ín gan-an, ṣùgbọ́n Dvorak fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn nígbà náà, n kò sì lè gbára lé e pátápátá. Ní 1956, Earle Strong tún un yẹ̀ wò fún ìjọba, kò rí ìdí tí wọ́n fi máa náwó kọ́ àwọn atẹ̀wé lákọ̀tun.

Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo ka lẹ́tà. Ẹ mú “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Lẹ́tà méje ni. Lórí QWERTY ti àtijọ́, k àti s nìkan ló wà ní ìlà àárín tí ìka ń sinmi lé. Lórí Dvorak, mẹ́fà ló wà níbẹ̀, torí gbogbo fáwẹ̀lì ló kó síbẹ̀. Inú mi dùn. Àmọ́ ẹ wo “kú” yẹn gan-an: ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì kan náà ló ń tẹ k ní ìsàlẹ̀, tó tún ń sáré gòkè wá tẹ u. Àwa tí a ń kíra láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́! Ní ti “gb”, ìka kan ṣoṣo ló ń tẹ lẹ́tà méjèèjì, ì báà jẹ́ Dvorak tàbí ti àtijọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fún un, ìdajì wákàtí láràárọ̀. Mo ti kọ ohun tí mo máa kà sílẹ̀ ṣáájú, kí n má bàa yí i padà tí èsì bá dé: iye ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, àti iye àṣìṣe. Mo yọ àmì ohùn kúrò. Ọmọṣẹ́ mi ló ń mú ojú ìwé tí n kò rí rí wá, òun ló ń wo aago. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó sú mi, mo fẹ́ jáwọ́. “Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ kọ síbí o,” ló wí, ó na ìwé náà sí mi. Mo padà jókòó.

Nígbà tó pé, mo tẹ ọ̀rọ̀ 205 lórí ti àtijọ́ pẹ̀lú àṣìṣe 9. Lórí Dvorak, 148 pẹ̀lú àṣìṣe 6. Ẹni tó bá wo àṣìṣe nìkan á ní Dvorak ló borí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ níbẹ̀ ló kéré. Tí a bá fi àṣìṣe wé iye ọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó jọ pé ọrùn ọwọ́ mi fúyẹ́ sí i, àmọ́ kò sí nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀, n kò kà á mọ́ ọn.

Fún iṣẹ́ mi, ti àtijọ́ ni mo ṣì ń lò. Síbẹ̀ n kò lè pe Dvorak ní ìranù, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló bá ọdún 11 díje. Ọwọ́ ẹni tí kò tẹ̀wé rí ni wọ́n ti lè jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ọmọ méjì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n gbà, a ṣẹ́ gègé, Dvorak bọ́ sọ́wọ́ ẹni àbúrò. Ẹni méjì kò tó dájọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n a ti ṣí ìwé tuntun, ọmọṣẹ́ mi náà ló sì ń wo aago.