Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ibi tí èdè tẹ́ ẹ ń kọ́ ń fi àmì sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè tuntun, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó máa há ọ̀rọ̀ sórí, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí èdè yẹn ṣe ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹni tí wọ́n ṣe é sí, àtẹni tó ni nǹkan. Ohun tí èdè fi ń sọ ọ́ lára ọ̀rọ̀ ni mò ń pè ní àmì. Èèyàn lè mọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kó má lè so méjì pọ̀.

Látorí Yorùbá tiwa ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń ní Yorùbá ò ní irú àmì yẹn, pé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò ló ń ṣiṣẹ́, òótọ́ wà níbẹ̀ torí "ajá bu Tádé jẹ" àti "Tádé bu ajá jẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà rárá. Àmọ́ ẹ gbé fóònù, ẹ rékọ́ọ̀dù ara yín, ẹ sọ "ọmọ Bọ́lá" bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ padà. "Ọmọ ọ Bọ́lá" lẹ máa gbọ́. Ọ kékeré yẹn, tá a kì í sábà kọ sílẹ̀, òun ló ń sọ pé Bọ́lá ló lọ́mọ (ẹ ò ní gbọ́ irú ẹ̀ nínú "ilé Adé", torí fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ Adé). Ẹ tún sọ "ọmọ dé", ohùn máa gòkè lẹ́yìn ọmọ, ó máa di "ọmọ́ dé", torí ọmọ yẹn gan-an ló dé. Ẹ wá wo "mo ra ẹ̀wà" àti "ẹ̀wà ni mo rà": bí ẹ̀wà ṣe kúrò lẹ́yìn "ra" báyìí ni ohùn "ra" wálẹ̀, tó di "rà". Inú ohùn la kó àmì tiwa pamọ́ sí, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀.

Tó bá kan èdè ẹlòmíì, ẹ lọ bá ẹni tó ń sọ ọ́, ẹ má bi í ní gírámà, ọ̀rọ̀ kan péré ni kẹ́ ẹ máa yí padà. Àlájì kan tó ń ta ẹran ní Sábó, nílùú Ifẹ̀ níbí, ló kọ́ mi ní Haúsá. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe ilé Musa, ó ní "gidan Musa". Mo wá ní fìlà Musa ńkọ́, ó ṣí fìlà orí ẹ̀, ó gbé e sókè, ó ní "hular Musa". Gida ti gba n, hula gba r! Mo tún bi í léèmejì kó tó yé mi pé Haúsá ń pín ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo, hula jẹ́ abo tó sì fi a parí, ìyẹn ló ṣe gba r. Ara nǹkan tí wọ́n ní ni àmì yẹn lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara Musa.

Èdè Tọ́kì rọrùn jùyẹn lọ: ev ni ilé, evde ni "nílé", eve ni "sílé", evden ni "láti ilé". Jámánì ní tiẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú ni, "der Hund beißt den Mann", ajá bu ọkùnrin jẹ, tẹ́ ẹ bá sì gbé "den Mann" síwájú, "den Mann beißt der Hund", ajá náà ló ṣì buni jẹ, torí "den" ti sọ ẹni tí wọ́n bù jẹ.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ lónìí: ilé Musa, fìlà Musa, Musa rí ajá, ajá rí Musa. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lábẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó yí padà.