Bí mo ṣe ṣírò ọ̀nà òfurufú láti Èkó dé New York

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í sọ iye wákàtí tí bàálù máa lò. Ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù ni mo fi wá a, láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed (LOS) l'Ékòó dé pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York.

Mo kọ́kọ́ wá ibi tí méjèèjì wà. Tí ẹ bá tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ lórí Google Maps, nọ́ńbà méjì máa jáde. LOS: 6.577 àti 3.321. JFK: 40.641 àti -73.778. Èyí àkọ́kọ́ ni dígírì tí ibẹ̀ fi wà lápá àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìkejì ni bó ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich, àmì ìyọkúrò sì fi hàn pé apá ìwọ̀-oòrùn ni. Ẹ ṣọ́ra níbí. Èkó wà ní ìlà-oòrùn Greenwich, New York wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, nítorí náà ńṣe la máa ro wọ́n pọ̀: 3.321 + 73.778 = 77.099. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yẹn, tó yọ ọ̀kan nínú èkejì, máa rí nǹkan bíi kìlómítà 7,890. Ó jọ òótọ́, àmọ́ Kyrgyzstan, lápá Éṣíà, ló wọ̀n!

Lẹ́yìn náà, mo wá C, ìyẹn iye dígírì tó wà láàárín ibi méjèèjì lórí ayé (sin àti cos jẹ́ bọ́tìnnì lórí ẹ̀rọ ìṣírò):

cos C = (sin 6.577 × sin 40.641) + (cos 6.577 × cos 40.641 × cos 77.099)

0.0746 + 0.1683 = 0.2429. Mo tẹ cos⁻¹, dígírì 75.94 jáde. Dígírì kan tó kìlómítà 111.2 lórí ilẹ̀ ayé, torí náà ọ̀nà yẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8,444. Bí èsì yín bá rí wúruwùru, ẹ wò ó bóyá RAD ni ẹ̀rọ yín wà dípò DEG, ìyẹn dígírì.

Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù pẹlẹbẹ. Lórí èyí tí gbogbo dígírì rẹ̀ gùn bákan náà, nǹkan bíi 9,370 lẹ máa rí. Ọ̀nà tó kúrú jù kò tilẹ̀ dorí kọ òkun láti Èkó. Òkè Burkina Faso, Mali àti Mauritania ló gbà kó tó bọ́ sójú òkun.

Ti wákàtí ló le. Mo mú eré bàálù ní kìlómítà 870 ní wákàtí kan, àmọ́ atẹ́gùn ńlá kan wà lókè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tó máa ń le sí i nígbà ọyẹ́ tiwa, tí òtútù bá mú lọ́dọ̀ wọn. Ó lè kọjá kìlómítà 200 ní wákàtí kan níbi tó ti le jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló ti ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà 55 péré ni mo lò fún gbogbo ìrìn àjò.

Àlọ dojú kọ atẹ́gùn yẹn (870 - 55 = 815): 8,444 ÷ 815, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 22. Àbọ̀, atẹ́gùn ń tì í lẹ́yìn (870 + 55 = 925): 8,444 ÷ 925, wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 8. Mo fi ìṣẹ́jú 30 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gígòkè, sísọ̀kalẹ̀ àti yíyà díẹ̀ lójú ọ̀nà, mo tún fi 30 mìíràn kún un fún ìrìn bàálù lórí ilẹ̀ kó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Àlọ di 11:22, àbọ̀ di 10:08.

Tíkẹ́ẹ̀tì wá kù. Nàìjíríà kì í yí aago padà, New York ń yí i ní March àti November, torí náà a fi wákàtí 6 ṣíwájú wọn nígbà òtútù, 5 nígbà ooru. Bàálù tó gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́ nígbà òtútù máa dé ní 10:22 àárọ̀ tiwa, tó jẹ́ 4:22 ìdájí tiwọn. Lójú ẹni tó kàn yọ aago kan kúrò nínú èkejì, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 22 ni.