Mo Fi ₦18,500 Ra Òfin Tí Wọ́n Ti Wọ́gi Lé

Máàkì mẹ́fà nínú ogún ni ìwé ₦18,500 gbà fún mi. Títí di òní, inú mi ò tíì rọ̀. Èmi tí mò ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ní Kubwa, Àbújá, kí n lè ka ojú ewé mẹ́wàá kí n tó wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́! Èmi tí mo ti há orí kejì ìwé náà sí agbárí! Ìbéèrè ọ̀hún ò sì le: òfin wo ni ilé ẹjọ́ Àbújá ń tẹ̀ lé bó bá ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn? Mo kọ Criminal Procedure Code, bí ìwé mi ṣe wí. Olùkọ́ fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ACJA, òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ti wọ́gi lé e láti 2015.

Dípúlọ́mà nínú òfin ni mò ń ṣe. Bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ ní, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ láti London. Ìwé gidi ni, àmọ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ni: àwọn ará ìlú méjìlá tó máa ń pinnu bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi, àti ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2009. Níbí, adájọ́ ló ń pinnu fúnra rẹ̀. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mo gba ọjà Wuse lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ìsọ̀ náà. Bó ṣe kí mi ní Yorùbá, ara tù mí. “Ẹ̀gbọ́n, tuntun nìyí o. Ẹ wo 2022 níbẹ̀.” Mo wo 2022, mo sanwó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìdánwò yẹn, mo tún ìwé náà yẹ̀ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ojú ewé àkọ́kọ́, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà, mo rí i: 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. 2022 jẹ́ ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tún un kọ. Bébà ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ọdún 2002. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 wà nínú rẹ̀, òun ni ò jẹ́ kí n fura.

Mo dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Ọmọkùnrin yẹn ní ọ̀gá òun lọ sìnkú nílé. Mo padà lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ò tíì dé. Owó mọ́tò lálọ, owó mọ́tò lábọ̀, mo sì ń tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ìgbà kẹta ni mo tó bá bàbá náà. Ó ṣí orí kejì, ó fi ìka lé ibi tí mo fàlà sí. “Ẹ ti lò ó. Ọjà tí wọ́n bá ti lò, a kì í gbà á padà.”

Òótọ́ ni, mo ti fàlà sí i, mi ò jiyàn. Àmọ́ mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ‘tuntun’ lọmọ yín pè é kí n tó sanwó.” Mo wá ṣàlàyé fún un pé òfin ọjà títà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 wà lára àwọn òfin tí a jogún, nítorí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ó sì sọ pé ọjà tí a bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Mo fi òfin ààbò oníbàárà ti 2018 tì í lẹ́yìn. Ohùn mi ò gbọ̀n rárá. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Bàbá wò mí títí, ó ní òun á ka ìwé náà sí ₦10,000 bí mo bá ra òmíràn lọ́wọ́ òun. Orí mi wú. Àmọ́ ₦8,500 mi ti lọ nìyẹn, ó sì ń dùn mí.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò wo ẹ̀yìn ìwé. Àkójọ òfin tó máa ń wà níwájú ni mo ń ṣí. Mo ti kọ mẹ́ta sínú bébà: Evidence Act 2011 (òfin ẹ̀rí), ACJA 2015, CAMA 2020 (òfin ilé iṣẹ́). Lẹ́yìn náà, mo ń ṣí ibi tí wọ́n ti to àwọn ilé ẹjọ́, kí n wò ó bóyá National Industrial Court, tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, wà láàárín àwọn ilé ẹjọ́ ńlá, nítorí láti 2011 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti kà á mọ́ wọn. Ìwé márùn-ún ni mo yẹ̀ wò. Mẹ́ta ṣubú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nínú méjì tó kù, ọ̀kan fi abala 316 inú Criminal Code ṣàlàyé ìpànìyàn, bí ẹni pé gúúsù ni gbogbo wa ń gbé. Òfin ìhà gúúsù nìyẹn. Penal Code tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 1960 là ń lò ní Àbújá àti ọ̀pọ̀ ibi lókè ọya, “culpable homicide” ló ń pe ìpànìyàn, abala 221 sì ni ti ìjìyà ikú. Ìlà kan péré ni ìwé yẹn fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìkejì ya orí kan sọ́tọ̀ fún òfin Islam, ó ṣàlàyé Area Court, ilé ẹjọ́ kékeré tó ń lo òfin ìbílẹ̀ àti ti Islam, àti ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Sharia. Òun ni mo mú, ₦16,000. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, kò sì sí àkópọ̀ lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń gbé lókè ọya, irú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, ẹ má fàlà sí nǹkan kan títí ẹ ó fi ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ iwájú yẹn.

Ìdánwò kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ogún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ìsọ̀ yẹn kọjá. Ìwé 2022 ọ̀hún ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n tò ó ní òkìtì kan. Tèmi ló wà lókè. Mo ṣí orí kejì, mo bá ìlà tí mo fà.