Bí a Ṣe Ń Ṣe Atọ́nà Ráútà Fúnra Ẹni

Ráútà ni ẹ̀rọ iná tí àwa gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gé kòtò sí ara igi. Ọ̀pọ̀ ráútà tòkúnbọ̀ tí à ń rà ní Abuja kì í bá atọ́nà wá. Èyí tó bá jẹ́ tuntun, atọ́nà inú páálí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irin pẹlẹbẹ kúkúrú tí ń mì bí bíìtì, ìyẹn irin eléyín tí ń yí ní ìdí ráútà, bá ti wọ igi líle. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, atọ́nà yìí ni kì í jẹ́ kí kòtò tóóró tí ẹ̀yìn wọ́dúróòbù yóò wọ̀ ya sọ́tùn-ún tàbí sósì, òun náà ni ó sì ń mú kí etí fèrèsé tí gíláàsì yóò jókòó sí ṣe déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀pá irin méjì, àkékù igi líle kan, àkékù máríìn bọ́ọ̀dù (irú plywood kan) àti gọ́ọ̀mù Araldite lè ṣe èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti inú páálí lọ, kò sì ní ná an ní iye tí yóò dùn ún.

Kí a tó mú ayùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí atọ́nà ń ṣe. Ọ̀pá irin méjèèjì yóò wọ inú ihò méjì tó wà ní ìdí ráútà, síkúrù ara ráútà fúnra rẹ̀ yóò sì dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ní orí ọ̀pá méjèèjì ni pákó kan wà tí ń fara kan etí igi tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí bí a ti ń ti ráútà lọ, tó fi jẹ́ pé àlàfo tó wà láàárín etí igi náà àti bíìtì kò ní yí padà. Nítorí náà, ohun méjì ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ojú pákó tó ń fara kan igi gbọ́dọ̀ tọ́, kò sì gbọ́dọ̀ sún lẹ́yìn tí a bá ti dè é. Àwọn kan máa ń fi ọ̀pọ̀ àkókò ṣòfò láti rí i pé ojú pákó náà dúró ní igun gẹ́gẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá irin. Kò burú, ṣùgbọ́n bíìtì róbótó ni, kò sí ìhà tó kọjú sí tí kò ní gé bákan náà. Bí atọ́nà bá tilẹ̀ wọ́ díẹ̀ sí ọ̀pá, kòtò tí a bá gé yóò ṣì tọ́.

Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan kékeré, wọn ihò ìdí ráútà yín. Mílímítà 8 tàbí 10 ni ó wọ́pọ̀, àwọn ńlá kan sì máa ń gba 12. Ohun tó dára jù ni kí ẹ gbé ìdí ráútà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin ní Dei-Dei, kí ẹ sì dán ọ̀pá wò nínú rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe gba irin tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe kọ́ńkéré, nítorí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, kò sì ní wọ ihò dáadáa; irin róbótó tí ara rẹ̀ dán ni kí ẹ béèrè. Kí wọ́n gé e sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35. Ẹ yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lórí gíláàsì tàbí táìlì tó tẹ́jú: èyí tó bá wọ́ yóò máa fò sókè bó ti ń yí, ẹ ó sì rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dá irú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi fáìlì pa etí méjèèjì mọ́, kí ẹ sì fi pépà irin dán gbogbo ara rẹ̀ títí yóò fi máa wọlé tí yóò sì máa jáde nínú ihò láìfipá.

Ti igi, apá, ìrókò tàbí ọ̀gánwó ni mo fara mọ́, a sì lè rí àkékù wọn gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àga ní Kugbo. Ìwọ̀n tí a nílò kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 ní gígùn àti sẹ̀ǹtímítà 4 ní ibú àti ní nínípọn. Kí igi náà gbẹ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìlú tí a wà yìí kì í fi igi tútù sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ níyà: igi tó ti gúúsù wá pẹ̀lú omi lára, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, yóò sún kì, yóò wọ́, yóò sì là ní etí. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìdí kan náà ni mo fi ń lo máríìn bọ́ọ̀dù mílímítà 12 fún pákó tí yóò máa fara kan iṣẹ́, torí pé ìpele inú rẹ̀ tí wọ́n tò ní ìdàkejì ara wọn kì í jẹ́ kí ó tètè wọ́. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 30 ní gígùn, 12 ní ibú.

Igi líle náà, tí èmi yóò máa pè ní igi ìdìmú, ni a ó kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ fi ìfági fá ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ tó kọjú sí ráútà títí wọn yóò fi tẹ́jú, kí igun wọn sì gún. Ẹ yọ bíìtì kúrò, ẹ gbé ráútà jókòó lórí gíláàsì tó tẹ́jú, ẹ ti ọ̀pá méjèèjì bọ inú ihò wọn, kí ẹ sì gbé igi ìdìmú sórí gíláàsì kan náà ní iwájú wọn. Ẹ fi yíǹkì kun ṣóńṣó ọ̀pá méjèèjì, ẹ wá rọra tì wọ́n síwájú kí wọ́n fi ẹnu kan igi náà. Àmì yíǹkì méjì tí ẹ bá rí lára igi ni ibi tí ẹ ó ti lu ihò. Ọ̀nà yìí dájú ju kí a máa fi téèpù wọn àlàfo àárín ihò lọ, nítorí ráútà fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì.

Ẹ lu ihò náà kí ó fẹ̀ ju ọ̀pá lọ ní ìwọ̀n mílímítà kan péré: bí ọ̀pá bá jẹ́ 10, kí ihò jẹ́ 11. Kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ó má sì yọ sí òdìkejì. Ààyè kékeré yìí kì í ṣe àìmọṣẹ́. Òun ni gọ́ọ̀mù yóò dúró sí, òun ni yóò sì jẹ́ kí ọ̀pá méjèèjì wà ní bí ihò ráútà ṣe fẹ́ kí wọ́n wà, kì í ṣe bí ọwọ́ wa ṣe lu ihò igi. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ ìluhò tó ń dúró lórí tábìlì, tó jẹ́ pé ti ọwọ́ ló ní, yóò rí i pé èyí ló yọ òun nínú wàhálà.

Nígbà tó bá kan gọ́ọ̀mù, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ fi fáìlì họ orí ọ̀pá tí yóò wọ inú igi, yípo, títí dé sẹ̀ǹtímítà 3, nítorí gọ́ọ̀mù kì í di irin dídán mú. Ẹ nu epo kúrò lára rẹ̀ dáadáa. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí gíláàsì, ẹ sì fi ọ̀rá mìíràn bo ara ráútà níbi tó sún mọ́ igi, kí gọ́ọ̀mù má bàa lẹ ohun tí a kò fẹ́ kí ó lẹ̀. Ẹ po túùbù Araldite méjèèjì ní ìdọ́gba, ẹ fi sínú ihò kí ó tó ìlàjì, ẹ sì máa yí ọ̀pá bí ẹ ti ń tì í wọlé kí atẹ́gùn lè jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ fún síkúrù ráútà mọ́ ọ̀pá, ẹ tẹ igi ìdìmú mọ́lẹ̀ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àtẹ́lẹ̀ ráútà jọ jókòó lórí gíláàsì kan náà, ẹ gbé ohun wúwo kan lé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ní àkókò kan náà. Bí ó bá ti gan, ọ̀pá méjèèjì yóò máa yọ̀ wọlé, yóò máa yọ̀ jáde láìhá.

Pákó máríìn bọ́ọ̀dù ni yóò wá sí abẹ́ igi ìdìmú, kí ó yọ síwájú lábẹ́ ráútà ní sẹ̀ǹtímítà 8. Bí kò bá yọ síwájú bẹ́ẹ̀, igi ìdìmú yóò máa kọlu ìdí ráútà nígbàkigbà tí a bá fẹ́ gé ibi tó sún mọ́ etí. Ẹ fi páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín igi ìdìmú àti pákó kí ẹ tó fi síkúrù mẹ́rin dè wọ́n láti ìsàlẹ̀. Páálí yẹn ni kò ní jẹ́ kí pákó máa ha àtẹ́lẹ̀ ráútà. Ní àárín etí tó kọjú sí bíìtì, ẹ gé ibi róbótó kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó sì jìn ní 3, kí bíìtì lè rí ààyè wọ̀ nígbà tí a bá ń gé etí fèrèsé.

Ẹ wá gbé irin rúlà tó gùn lé etí pákó náà, kí ẹ sì wò ó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Bí àárín bá yọ sóde, atọ́nà yóò máa mi síwá sẹ́yìn lórí iṣẹ́, iṣẹ́ yóò sì bàjẹ́. Bí àárín bá wọlé díẹ̀, kò sí ewu, nítorí ìpẹ̀kun méjèèjì ni yóò máa fara kan igi. Ẹ fi sáńpépà mú un tọ́, ẹ lẹ fọ́míkà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi àbẹ́là pa á kí ó lè máa yọ̀. Ẹ kun igi ìdìmú ní fáníìṣì yípo kí ọyẹ́ má bàa rí i mú.

Láti lò ó, ẹ kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná. Ẹ fi ọwọ́ yí bíìtì kí eyín rẹ̀ kan kọjú sí atọ́nà, kí ẹ sì fi rúlà wọn láti ojú fọ́míkà dé ẹnu eyín náà. Ẹ gé e wò lórí àkékù ná: plywood tí ọjà ń pè ní mílímítà 6 sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòtò mílímítà 6 gérégé lè jẹ́ kí ó máa ró gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gé ju mílímítà 3 lọ lẹ́ẹ̀kan; bí kòtò bá ní láti jìn sí 9, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ gbà á.

Ìhà tí a ń tì í sí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kì í kọ́. Bí a bá wo ráútà láti òkè, bíìtì rẹ̀ ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Nígbà tí a bá ń tì í síwájú kúrò lọ́dọ̀ ara wa, igi yóò máa ti bíìtì sósì. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún wa ni atọ́nà gbọ́dọ̀ wà, kí bíìtì lè máa fà á mọ́ etí igi. Bí atọ́nà bá wà lọ́wọ́ òsì, bíìtì yóò máa tì í kúrò lára igi, kòtò yóò sì wọ́ bó ti wù kí atọ́nà náà tọ́ tó. Ẹni tó dúró kọjú sí iṣẹ́, tí etí igi sì wà níwájú ikùn rẹ̀, kí ó máa ti ráútà láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlàjì iwájú atọ́nà nìkan ni ó ń kan igi. Níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ ọwọ́ mọ́. Bí ẹ bá ti dé àárín, kí ọwọ́ dọ́gba. Ní ìparí, ẹ sún agbára sí ìlàjì ẹ̀yìn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atọ́nà yóò ṣẹ́ wọlé ní igun, bíìtì yóò sì jẹ ibi tí kò yẹ. Atọ́nà yìí kò lè tún etí tó wọ́ ṣe: bí etí igi bá rí kọ́lọkọ̀lọ, kọ́lọkọ̀lọ náà ni yóò yà sínú kòtò. Ẹ fá etí náà tọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọ awò ojú àti ìbòmú, pàápàá tó bá jẹ́ MDF (pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù ṣe) ni ẹ ń gé. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ pa suwíìṣì ráútà lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, nítorí ráútà tí suwíìṣì rẹ̀ wà ní títàn yóò dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, bíìtì rẹ̀ yóò sì sá káàkiri orí tábìlì.

Bí kòtò tí ẹ fẹ́ gé bá jìnnà sí etí ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ẹ gbé atọ́nà yìí sílẹ̀, nítorí ọ̀pá irin tó yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tẹ̀. Ẹ fi kíláǹpù méjì de pákó tó tọ́ mọ́ orí iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdí ráútà máa fara kan án. Ṣùgbọ́n níbí yìí, ọwọ́ òsì ni pákó náà gbọ́dọ̀ wà bí ẹ bá ń ti ráútà síwájú, kí agbára bíìtì lè máa tì í mọ́ pákó náà.